Mo ti di ọ̀gá, iṣẹ́ tún kù láti kọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aránṣọ Ìgbọ̀nà

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ọmọ Òṣogbo Òròkí. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, mo sì mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín á ti la irú rẹ̀ kọjá.

Obìnrin ẹni ọdún 47 ni mí. Ìgbọ̀nà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, iṣẹ́ aránṣọ ni mo fi tọ́ ọmọ. Mo ti ṣe fíríìdọ́ọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́ tó pọ̀, àwọn kan nínú wọn ti ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ tiwọn. Ìró àti bùbá, síkẹ́ẹ̀tì àti búláósì, kaba, aṣọ ọmọdé, gbogbo ẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n rán, ẹni tó bá sì wọ aṣọ mi kì í fẹ́ lọ síbòmíràn. Orí aṣọ náà ni mo ti ń gé e. Téèpù, ṣọ́ọ̀kì àti sísọ́ọ̀sì, ó tán.

Ṣùgbọ́n aṣọ ti yí padà. Àwọn tó ń gbé aṣọ ẹbí wá báyìí, kọ́sẹ́ẹ̀tì, aṣọ òkè tó le tó sì fún mọ́ra, ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n á fi fọ́tò hàn mí lórí fóònù: bónì (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mú aṣọ dúró) níwájú, kọ́ọ̀pù láyà, ẹ̀yìn tí wọ́n fi okùn fà. Mo máa ń sọ fún wọn pé n kì í rán irú ẹ̀. Wọ́n á kó aṣọ wọn nílẹ̀, kì í sì í ṣe ti kọ́sẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń kó, bùbá ìyá wọn náà á bá a lọ.

Ọmọbìnrin kan wà ní Ògo-Olúwa tó ń kọ́ àwọn tó ti mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Owó tó ń gbà kò ju agbára mi lọ. Ohun tó ń dá mi dúró ni pé ọmọ náà kò lè ju àkọ́bí mi lọ. Tí mo bá ti rò ó pé mo jókòó síwájú ẹ̀, tó ní kí n tú ohun tí mo rán, àyà mi á já. Bébà ló tún fi ń gé aṣọ, ìṣirò lọ́tùn-ún lósì, pín èyí sí mẹ́rin, fi ààbọ̀ ínǹṣì kún tọ̀hún. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé ìwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà kẹ́ ẹ tó lọ kọ́ nǹkan tuntun, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ìyá Ìbejì Ayétòrò

Ẹ lọ, ìyá mi. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín gbọ́ o. Ẹ ní ẹ ń lọ ra ọjà. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ti mọ̀ pé ọ̀gá òun ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kò ní í pẹ́ tí á fi máa ya ẹnu sí i.

Ọmọ Aláró

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Nínú àwọn tó jẹ́ kí gbogbo ayé mọ Òṣogbo, àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó yà sí èyí tó gbé orúkọ wọn jáde. Asiru Olatunde, alágbẹ̀dẹ ni. Àìlera ni kò jẹ́ kó lè máa ṣe agbẹ̀dẹ lọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lu bàbà pẹlẹbẹ, ó tún bọ́ sórí àlùmíníọ́ọ̀mù, ó ń lu àwòrán igi, ẹranko àti èèyàn sí i lára, títí iṣẹ́ rẹ̀ fi dé òkè òkun. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni kó tó máa fi símẹ́ńtì mọ ère pẹ̀lú Susanne Wenger, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Austria tí à ń pè ní Àdùnní, nínú igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO fi kún àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Jimoh Buraimoh, iná ló ń bójú tó nínú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀ kó tó di ayàwòrán tó ń to ìlẹ̀kẹ̀ sójú iṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí lára wọn ni pé kò sí ẹni tó ju ìmọ̀ iṣẹ́ àtijọ́ nù nínú wọn. Ọwọ́ tó mọ òòlù ni Asiru fi lu àwòrán. Adébísí ti mọ bí símẹ́ńtì ṣe ń le àti ìgbà tó ń le kó tó fi mọ ère. Mọ̀mí, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ lọ padà di ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ipò nìkan lẹ máa gbé sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ìmọ̀ ọwọ́ yín á bá yín dé Ògo-Olúwa.

Inú ilé aláró ni wọ́n bí mi sí, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Aṣọ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró ẹlú, kì í jẹ́ aró lójú. Ó máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó tún máa ń dà bí ewé. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró bó ṣe ń fẹ́ sí i lójú yín. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà, tó bá rí i lákọ̀ọ́kọ́, á ní aṣọ ti bàjẹ́. Kọ́sẹ́ẹ̀tì yín àkọ́kọ́ á rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má dá a lẹ́jọ́ nínú ìkòkò.

Àgbà Tẹ́lọ̀ Ọjà Ọba

Mo kí gbogbo yín. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ tó lè má dùn mọ́ àwọn tó ti ń pàtẹ́wọ́.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá yí ni èèyàn ń bá yí. Agbádá, dàńṣíkí àti bùbá òun ṣòkòtò ni mò ń rán. Nígbà tí sináátọ̀ gbòde, tí gbogbo ọmọ ń rán kafutáànì tó fún mọ́ra, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sáré tẹ̀ lé e. Mi ò tẹ̀ lé e. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà agbádá dáadáa sí i lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ, mo wá di ẹni tí àwọn ọkọ ìyàwó ń wá láti Ẹdẹ àti Ìkìrun. Èmi náà yí padà, ṣùgbọ́n inú ohun tí mo mọ̀ ni mo yí sí.

Nítorí náà, ìyá, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè: ṣé kọ́sẹ́ẹ̀tì yìí ló ń kó oníbàárà yín lọ lóòótọ́, àbí ojú ọjà ló ń dùn yín? Ẹ ṣí ìwé oníbàárà yín. Ẹ wo orúkọ àwọn tí kò padà wá. Tó bá jẹ́ pé iye owó, tàbí àìtètè parí aṣọ, ló lé wọn, kọ́sẹ́ẹ̀tì ò ní í dá wọn padà. Ìrora tí kò nídìí kò sọ ẹnikẹ́ni di ńlá.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Kí ẹnikẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ ìtìjú, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ìyá wa. Báwo lojú yín? Ṣé ẹ ṣì ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àbí ẹ ti ń na ọwọ́ jìnnà kẹ́ ẹ tó rí ihò ẹ̀? Ṣé ọmọ iṣẹ́ ló ń bá yín ka nọ́ńbà ara téèpù lálẹ́?

Ìdí tí mo fi béèrè rèé. Lẹ́yìn ọdún 40, lẹ́ńsì inú ojú máa ń le sí i, kì í lè tẹ̀ dáadáa mọ́ láti rí ohun tó sún mọ́ni. Gbogbo èèyàn ló ń ṣẹlẹ̀ sí, kì í ṣe àrùn. Ṣùgbọ́n mo ti rí àgbàlagbà tó kọ ìwé sílẹ̀, tó kọ iṣẹ́ sílẹ̀, tó ní ọpọlọ òun ti gbó, gíláàsì ìkàwé lásán ló nílò. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ yìí, ìlà tín-ín-rín lórí bébà ló wà fún. Ẹ lọ yẹ ojú wò nílé ìwòsàn kẹ́ ẹ tó sanwó ẹ̀kọ́. Ẹ má kàn ra gíláàsì lọ́nà, nítorí tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú, wọ́n á tún wo bí ojú ṣe le sí nínú. Gulokóómà, àrùn ojú kan, ń jí ìríran gbé láìdùn, ó sì máa ń wà nínú ẹbí kan ju òmíràn lọ.

Ti àyà tó ń já. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá ń rò ó nìkan ló ń já, ẹ̀rù ni, ó sì máa ń dín kù tí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Tó bá ń lù kìkì nígbà tẹ́ ẹ jókòó jẹ́jẹ́, ẹ lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Tó bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tí wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ mìíràn tó rí bẹ́ẹ̀, dókítà ló kàn. Ìnira wà tó ń kọ́ni, ìnira sì wà tó jẹ́ pé ara ló ń ké.

Aránṣọ Ìgbọ̀nà

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ wo inú ilé mi ni? Ọmọ iṣẹ́ ló ń fi òwú sí i fún mi, ó ti pẹ́. Mo rò pé àárẹ̀ ni. Màá lọ yẹ ojú wò.

Bàbá Ọjà Ọba, mo ṣí ìwé náà lálẹ́ àná bí ẹ ṣe wí. Àwọn tó lọ, àwọn tó ń mú aṣọ ẹbí wá ni, àwọn tó máa ń kó aṣọ obìnrin bíi mélòó kan jọ wá lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń rán ẹyọ kan ṣoṣo ṣì wà. Owó gidi ló ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó wà lọ́kàn mi náà: mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Tí mo bá rí ọmọbìnrin tó wọ kọ́sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rán dáadáa, tó jókòó sí i lára láìṣẹ́po, ó máa ń wù mí láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí aṣọ ti ṣe mí bẹ́ẹ̀.

Àgbà Tẹ́lọ̀ Ọjà Ọba

Tó bá rí báyẹn, mi ò ní ohun kan láti sọ mọ́. Ẹ lọ kọ́ ọ.

Tíṣà Òkè-Baálẹ̀

Àwọn àgbàlagbà ni mò ń kọ́ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tẹ́ ẹ máa bá pàdé, kó má bàa bá yín lójijì.

Níbẹ̀rẹ̀, ó le fún ẹni tó mọ ọ̀nà kan tẹ́lẹ̀ ju ẹni tí kò mọ ọ̀kankan lọ. Ọwọ́ yín ti mọ bùbá gé láìsí bébà. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà á sórí bébà, ọwọ́ á máa sáré lọ síbi tó mọ̀, ẹ̀yin á máa fà á padà. Fún ìgbà díẹ̀, ẹ máa lọ́ra ju bẹ́ ẹ ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, kódà nídìí aṣọ tẹ́ ẹ lè fojú dídì rán. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àgbà ti ń sá. Wọ́n á ní orí àwọn ò gba nǹkan mọ́. Orí wọn ń gbà á. Ìmọ̀ tuntun náà ò tíì ríbi jókòó ni, ẹ fún un láyè.

Ìgbàgbé tún wà. Lọ́dún 1885, Hermann Ebbinghaus, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé àbájáde ìwádìí tó ṣe lórí ara rẹ̀ jáde. Ó há ọ̀wọ́ sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó wá ń wò ó bí wọ́n ṣe ń kúrò níbẹ̀. Ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù ń lọ láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbàgbé á rọra máa rìn. Ó tún rí i pé àtúnkọ́ tí èèyàn pín sí ọjọ́ púpọ̀ ń dúró ju èyí tó ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́ ọ, ẹ tún un yà nílé kẹ́ ẹ tó sùn, láìwo ohun tí wọ́n yà fún yín. Ẹ tún un ṣe lọ́túnla. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Kálíkò lásán ni kẹ́ ẹ máa gé, kì í ṣe lísì oníbàárà, torí ẹ̀rù aṣọ olówó ńlá kì í jẹ́ kí ọwọ́ kọ́ nǹkan.

Ìṣirò tẹ́ ẹ sì ń bẹ̀rù yẹn ńkọ́? Nígbà tẹ́ ẹ bá ká aṣọ sí mẹ́rin kẹ́ ẹ tó gé bùbá, kí lẹ rò pé ẹ ń ṣe? Ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 36, ìdá mẹ́rin rẹ̀ ni 9. Láti ìgbà ọmọ iṣẹ́ yín lẹ ti ń pín in.

Sísọ́ọ̀sì Wúrà

Ẹ káàárọ̀ o, mọ̀mí. Èmi kọ́ ni ẹni tẹ́ ẹ ń sọ ní Ògo-Olúwa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, mo sì ń kọ́ àwọn àgbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ tiwa, torí mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti sọ ọ́.

Ẹ̀rù tó ń bà yín ń ba àwa náà. Tí ẹni tó tó ìyá mi bá jókòó síwájú mi, tó ṣi aṣọ gé, ẹnu mi kì í là. Màá ní "ó dáa mà", màá dúró kó lọ, màá bá a tún un ṣe. Ó sanwó, kò sì kọ́ nǹkan kan. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù. Nítorí náà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú u sílẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé, ẹ sọ fún un pé: "Ọ̀gá, tí mo bá ṣì í ṣe, sọ ọ́ fún mi lójú ẹsẹ̀, má wojú mi." Ẹ pè é lọ́gàá. Á kúnlẹ̀ kí yín láàárọ̀, á pè yín ní mọ̀mí, á sì ní kẹ́ ẹ tú aṣọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà.

Ẹ bá a ṣe àdéhùn kẹ́ ẹ tó sanwó. Kó yé e pé ẹ kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ tó ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní í gbálẹ̀, ẹ ò sì ní í jókòó pa bọ́tìnnì. Kó kọ ohun tó máa kọ́ yín sílẹ̀. Ẹ ní dandan kí ẹ̀yin fúnra yín rán odindi kọ́sẹ́ẹ̀tì kan, láti orí wíwọ̀n dé orí okùn ẹ̀yìn, kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ yín láàárín. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló jẹ́ pé wọ́n á ṣe é, akẹ́kọ̀ọ́ á máa wò. Wíwò dùn. Ọwọ́ ò mọ̀ ọ́n.

Ohun tó máa ṣàjèjì sí yín jù ni wíwọ̀n. Fún bùbá, àyà, èjìká àti gígùn ti tó. Fún kọ́sẹ́ẹ̀tì, ẹ máa wọn èjìká sí orí ọmú, èjìká sí abẹ́ ọmú, èjìká sí ìbàdí, ẹ máa wọn yíká abẹ́ ọmú lọ́tọ̀, ẹ tún máa wọn àlàfo orí ọmú méjèèjì. Tí ọ̀kan bá fi ínǹṣì kan yẹ̀, kọ́ọ̀pù á jókòó síbi tí kò yẹ, kò sì sí ohun tó máa tún un ṣe dáadáa. Ẹ fi ọmọ iṣẹ́ yín kọ́ wíwọ̀n náà nílé, sanra àti tẹ́ẹ́rẹ́.

Mọ̀mí, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀yin lẹ mọ bí lísì olówó ńlá ṣe ń ya, àti bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ tẹ́ inú rẹ̀ kó má bàa ta oníbàárà lára. Ọ̀pọ̀ kọ́sẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ń rí lórí fóònù, ẹ yí inú rẹ̀ síta kẹ́ ẹ wò ó, òwú ń já wálẹ̀ ni. Ọmọ yẹn náà máa kọ́ nǹkan lọ́wọ́ yín.

Ìyá Ìbejì Ayétòrò

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n mo ṣì wà lórí ohun tí mo sọ nípa àwọn ọmọ iṣẹ́.

Àgbà Tẹ́lọ̀ Ọjà Ọba

Ìyá Ìbejì, mi ò fara mọ́ èyí. Ohun tó bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ á mọ̀ ọ́n, pàápàá tí bébà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kún orí tábìlì. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kó sọ fún wọn fúnra rẹ̀, kó sì sọ fún èyí tó dàgbà jù nínú wọn pé ohun tí òun bá kọ́ bọ̀, òun á kọ́ ọ. Ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ̀ pé nǹkan máa kan òun kì í ya ẹnu.

Alájọ Alékúwodò

Ẹ ti sọ̀rọ̀ ọkàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó. Ẹ má ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wo ìgbà tí iṣẹ́ bá rọlẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ kọ́ ọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ tí Iléyá bá kù díẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ tí àlejò ọdún Ọ̀ṣun ń wọ̀lú, ẹ má sì jẹ́ kó di December. Ẹ má yáwó lé e lórí. Ẹ dá àjọ fún bébà, kálíkò, bónì àti sítééyì tó ń mú aṣọ le lọ́tọ̀ sí owó ẹ̀kọ́, torí ohun èlò ló ń bá èèyàn lójijì láàárín ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá sì parí, ẹ má gba aṣọ ẹbí ogún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ rán ti ọmọ yín, kó wọ̀ ọ́ lọ òde.

Aránṣọ Ìgbọ̀nà

Ẹ ṣeun, gbogbo yín pátá. Mo ti pe ọmọ náà. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ nígbà tí mo pè é lọ́gàá, mo wá rí i pé òótọ́ ni Sísọ́ọ̀sì Wúrà sọ. A ti fi ọjọ́ ìṣẹ́gun àti ọjọ́bọ̀ sí i, láàárọ̀, kí n lè ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Àgbà inú wọn ní kí n jẹ́ kí òun máa ya bébà náà pẹ̀lú mi lálẹ́. Gíláàsì náà ń bọ̀, wọ́n ní ojú mi kò ní nǹkan mìíràn.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o. Mi ò ní purọ́.

Sísọ́ọ̀sì Wúrà, mo lọ wo bónì, wọ́n gbé ti ike àti ti irin kalẹ̀ fún mi. Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Sísọ́ọ̀sì Wúrà

Ti ike, mọ̀mí. Irin nílò ohun tí wọ́n fi ń gé e, ẹ fi sílẹ̀ ná. Ẹ ra èyí tí kò rọ̀ jù, ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó, tó bá ṣẹ́, ẹ má rà á. Tẹ́ ẹ bá gé e tán, ẹ fi iná àbẹ́là yọ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì kó yí bírípó, kó má bàa gún oníbàárà lábẹ́ apá. Kó kúrú díẹ̀ ju ojú ọ̀nà tẹ́ ẹ rán fún un lọ, lókè àti nísàlẹ̀, torí tó bá kún un dé ẹnu, abẹ́rẹ́ máṣìnnì á bà á nígbà tẹ́ ẹ bá ń pa etí aṣọ, á sì kán.